Ohun Tí Ariwo Rí Nílé Bàbá Dírẹ́bà

Ẹni tó bá gbé nǹkan kaná, kó lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹni tó bá ti jókòó, kó fìdí mọ́lẹ̀ dáadáa, torí ìtàn yìí kò gùn, ṣùgbọ́n ó wúwo.

Káfíńtà kan wà tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ariwo. Orúkọ yẹn kò ṣàdédé bá a. Bó bá sín ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹni tó wà ní òpópónà kẹta á ní, "Pẹ̀lẹ́ o." Bó bá ń kí èèyàn "ẹ káàárọ̀," àkùkọ á panu mọ́ kí ojú má baà tì í. Wọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n bí i, igbe rẹ̀ pọ̀ débi pé agbẹ̀bí fi ọwọ́ méjèèjì di etí, kò wá sí ọwọ́ kan tí yóò fi gbé ọmọ.

Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ dára. Ó fẹ́ràn Ọlọ́run, ó sì fẹ́ràn èèyàn. Ìdí nìyẹn tó fi wọ ẹgbẹ́ abẹ̀wò nínú ìjọ wọn, àwọn tó máa ń lọ kí aláìsàn nílé, tí wọ́n á gbàdúrà, tí wọ́n á sì bá wọn ṣe iṣẹ́ tí agbára wọn kò ká mọ́. Ìyá Nọ́ọ̀sì ni olórí ẹgbẹ́ náà, obìnrin tó fi ogójì ọdún tọ́jú aláìsàn kó tó fẹ̀yìn tì. Òfin rẹ̀ kò pọ̀. Kan ilẹ̀kùn, kí o sì dúró kí wọ́n dáhùn. Má jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì aláìsàn. Má jẹ́ kí àdúrà rẹ gùn ju agbára ẹni tó ń ṣe àmín lọ.

"Ohun tí o bá sì gbọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì," Ìyá Nọ́ọ̀sì á na ìka sókè, "ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni kí o fi í sílẹ̀ sí."

Ariwo mọ òfin wọ̀nyí bí ẹni mọ orin. Ó ń kọ wọ́n, kò kàn ń jó wọn ni. Ó gbàdúrà nígbà kan fún obìnrin tí orí ń fọ́. Nígbà tó fi máa ṣe àmín, orí ti ń fọ́ ọkọ obìnrin náà, ó sì ti ń fọ́ ajá wọn.

Ọjọ́ kan ni wọ́n rán an lọ sílé Bàbá Dírẹ́bà. Bàbá yìí fi ọgbọ̀n ọdún wa ọkọ̀ ojú irin. Bó bá ti sọ pé "ẹ wọlé," èrò ibùdókọ̀ á ti sáré wọlé, títí kan ẹni tó wá sin àlejò. Àfi ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú un lápá ọ̀tún àti lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, tó sì so okùn mọ́ ahọ́n rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ló kù nílé, òun ló ń tọ́jú rẹ̀.

Ariwo kan ilẹ̀kùn bí ẹni tó fẹ́ gbé e lọ. Ọmọbìnrin náà ṣí i díẹ̀, ó fi ìka sẹ́nu.

"Ẹ rọra. Ó ń sùn."

Iṣẹ́ ọmọbìnrin náà ni kó máa rán ojú ewé ìwé pọ̀ ní ilé ìtẹ̀wé. Fọ́nrán òwú funfun kan ṣì so mọ́ ọwọ́ aṣọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Jẹ́jẹ́ ni àwọn ará ilé ìtẹ̀wé ń pè é, bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Ó ń rìn bí ẹni pé ilẹ̀ ló ń sùn. Ariwo wo fọ́nrán òwú náà, ó wo ojú tó ni ín, ó sì ṣe ohun tí kò ṣe rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i: ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Ẹgbẹ́ abẹ̀wò ni."

Wọ́n gbọ́ ọ dé ilé kejì. Ṣùgbọ́n ó gbìyànjú.

Láti ọjọ́ yẹn, ìbẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ di ẹ̀ẹ̀mẹta, ìṣẹ́jú mẹ́wàá di wákàtí. Ó ń sọ àpárá fún Bàbá Dírẹ́bà títí tí apá tí kò ṣiṣẹ́ pàápàá fi ń gbọ̀n fún ẹ̀rín. Bàbá fẹ́ràn rẹ̀. Bó bá sì ń lọ, Jẹ́jẹ́ á sìn ín dé géètì, ọ̀rọ̀ géètì á sì gùn ju ọ̀rọ̀ inú ilé lọ.

Ìyá Nọ́ọ̀sì pè é.

"Ta lò ń lọ kí níbẹ̀, aláìsàn àbí ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn?"

"Àwọn méjèèjì ni, mà."

"Nínú ìwé abẹ̀wò mi, orúkọ ẹyọ kan ló wà níbẹ̀. Lọ bi ara rẹ léèrè: bí ó bá jẹ́ arúgbó aláìleyín ló ń ṣílẹ̀kùn, ṣé ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ náà ni wàá máa lọ?"

Ariwo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà bá a délé, ó bá a sùn, ó sì jí ṣáájú rẹ̀ láàárọ̀. Kò dáhùn rẹ̀. Kò ráyè. Ó ti sọ fún Jẹ́jẹ́ pé òun fẹ́ fẹ́ ẹ, Jẹ́jẹ́ sì ti ní, "Bí Bàbá mi bá ti gbà, èmi náà ti gbà. Bí wọn ò bá gbà, má bi mí mọ́." Wọ́n ti fi ọjọ́ Sátidé tó máa parí oṣù sí i pé kí àwọn ará ilé Ariwo wá tọrọ rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, nígbà tó ku ọjọ́ mọ́kànlá, Jẹ́jẹ́ ò tíì ti ibi iṣẹ́ dé. Ariwo àti Bàbá nìkan ló wà nínú yàrá. Bàbá kò rẹ́rìn-ín sí àpárá kankan. Lójijì, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ọmọ yìí..." Ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni ń fa ẹrù gun òkè. "Ọmọ tí mo bí... òun ló ń pààrọ̀... aṣọ ìdí mi. Ṣé Ọlọ́run... rí i?"

Ariwo di ọwọ́ rẹ̀ mú, òun náà sì sunkún. Títí ibẹ̀ yẹn, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan.

Ọjọ́ kejì ni ìpàdé àdúrà Ọjọ́rú. Olórí ìpàdé ní kí ẹni tó bá ní ẹ̀bẹ̀ dìde. Ọkàn Ariwo ṣì ń jò bí òrùlé àtijọ́. Ó dìde.

"Ẹ̀yin ará! Bàbá kan wà láàrin wa! N ò ní dárúkọ! Ọgbọ̀n ọdún ló fi gbé èèyàn lọ, tó fi gbé èèyàn bọ̀ lórí irin! Lónìí, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń pààrọ̀ aṣọ ìdí fún un! Ẹ jẹ́ ká ké pe Ọlọ́run!"

Háà! Wọ́n ké. Páànù òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì gbéra ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan, ó sì tún padà jókòó. Àwọn obìnrin sunkún, àwọn ọkùnrin fọn imú. Àwọn èèyàn bọ Ariwo lọ́wọ́ pé, "O lẹ́mìí àdúrà!" Ó lọ sílé pẹ̀lú ayọ̀.

Kò dárúkọ lóòótọ́. Ẹni tó fi aṣọ bo orí, tó fi gbogbo ara sílẹ̀, ó ti sá pamọ́ náà nìyẹn.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, àwọn obìnrin ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í dé sílé Bàbá Dírẹ́bà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èkínní gbé àlòkù aṣọ ìbora wá. Èkejì gbé rọ́bà tí wọ́n ń tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì ọmọ jòjòló. Ẹ̀kẹta mú páúdà ọmọdé agolo ńlá. Ẹ̀karùn-ún kò tilẹ̀ wọlé, géètì ló ti ń pariwo: "Ẹ gbà á fún Bàbá o! Ó mọ́, mo ti fọ̀ ọ́!" Ẹ̀bá fèrèsé ni Bàbá jókòó sí. Ẹrù méje ló wọlé lójú rẹ̀. Lẹ́yìn èkeje, ó yí ojú sí ògiri.

Ariwo dé ní ọjọ́ Ẹtì, ó ń súfèé. Jẹ́jẹ́ ṣí ilẹ̀kùn, àyè tí ojú kan lè gbà ló ṣí i mọ.

"Ẹ káàsán, sà."

"Ìwọ" ni Jẹ́jẹ́ ti ń pè é láti oṣù mẹ́rin.

"Jẹ́jẹ́, kí ló dé?"

"Àwọn ará ìjọ kó aṣọ wá fún Bàbá. Ẹrù méje."

"Ọlọ́run ṣeun! Àdúrà ti gbà!"

Jẹ́jẹ́ wò ó, ó wò ó títí. "Ẹ tú bàbá mi sí ìhòòhò lójú gbogbo ìjọ, ẹ sì ń dúpẹ́."

Ohùn kan ti inú yàrá wá. "Ta... nìyẹn?"

"Ariwo ni, Bàbá."

Ohùn náà tún jáde. "Sọ fún un... mi ò lọ́mọ... tí mo fẹ́ fún... ẹnu tí kò ní ìdérí."

Jẹ́jẹ́ pa ilẹ̀kùn dé. Jẹ́jẹ́ náà ló pa á. Ìbá sàn kó gbá a.

Ariwo sáré délé Ìyá Nọ́ọ̀sì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ.

"Mà, ẹ gbà mí! Ẹ bá mi ṣe alárinà! Lọ́jọ́ Ìsinmi, màá kúnlẹ̀ níwájú gbogbo ìjọ, màá sunkún, màá ní èmi ni mo jẹ̀bi!"

"Kí wọ́n lè tún gbọ́ ọ̀rọ̀ aṣọ ìdí lẹ́ẹ̀kejì?"

Ariwo ti ń kúnlẹ̀.

"Jókòó," ni Ìyá Nọ́ọ̀sì wí. "Nígbà tí o dìde lọ́jọ́ Ọjọ́rú, ta ni àánú rẹ̀ ń ṣe ọ́?"

"Bàbá ni, mà. Ọlọ́run mọ̀."

"Mo gbà. Ta ni gbogbo ìjọ ń wò?"

Ariwo ronú. Ó rántí ọwọ́ tí wọ́n bọ̀ ọ́, ó rántí bí orí rẹ̀ ṣe wú. Ohùn rẹ̀ kéré. "Èmi ni, mà."

"Àánú rẹ kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n o gbé ìbànújẹ́ ẹlòmíràn wọ̀ bí aṣọ tuntun lọ sí ìpàdé. N ò lè lọ bá bàbá yẹn báyìí, torí n kò tíì ní nǹkan kan tí mo lè sọ nípa rẹ. Láti ọ̀la, ìwọ ni wàá máa gbé báàgì mi. Wàá kí wọn, wàá ṣe àmín. Gbogbo ohun tó bá wà láàrin méjèèjì, gbé e mì."

Oṣù mẹ́ta ni Ariwo fi gbé báàgì. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ọ̀rọ̀ kún un dé ọrùn; bó bá ń rìn, ẹ ó máa gbọ́ bó ṣe ń dà nínú rẹ̀ bí omi inú kẹ́ẹ̀gì. Ó ń sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù lọ rò fún pákó. Pákó kan fẹ́rẹ̀ẹ́ dáhùn.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹnu sinmi, etí rí iṣẹ́ ṣe. Ó rí i pé obìnrin tó ń ní "ara mi le" kò lè gbé ife omi. Ó rí i pé àwọn mìíràn ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ti fẹ́ sọ láti ọdún mẹ́ta, tí kò sẹ́ni tó dúró gbọ́ ọ dé òpin, torí gbogbo àlejò ló ń kánjú débi àdúrà. Wọ́n dé ilé ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Ìyá Nọ́ọ̀sì jókòó tì í, kò sọ nǹkan kan. Ó fọ abọ́ tó wà nílẹ̀. Ó tún jókòó. Wọ́n sì lọ.

"Mà," ni Ariwo wí lójú ọ̀nà, "a ò mà gbàdúrà."

"Kí lo wá ń ṣe láti ìgbà tá a ti jókòó?"

Ariwo ṣíwọ́ rìn. Òótọ́ ni, òun ti ń gbàdúrà. Ẹnikẹ́ni kò kàn gbọ́ ọ ni, ó sì yà á lẹ́nu pé àdúrà lè wà tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́.

Lẹ́ẹ̀kan, ó pàdé Jẹ́jẹ́ níwájú ilé ìtẹ̀wé.

"Ẹ ti rù, sà," ni Jẹ́jẹ́ wí.

"Ọ̀rọ̀ ló ń ràn mí lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ láti sanra."

Ẹ̀rín fẹ́ já bọ́ lẹ́nu Jẹ́jẹ́. Ó gbá a mú kó tó dé ilẹ̀. "Ilé wa ti dákẹ́ jù," ló wí, ó sì yára lọ. Ariwo gbé gbólóhùn kékeré yẹn délé bí ẹyin. Ó fẹ́ sáré tẹ̀ lé e. Kò sáré.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan lọ́sàn-án, orúnkún ń dun Ìyá Nọ́ọ̀sì, ó rán Ariwo pé kó lọ fi oògùn Bàbá Dírẹ́bà sí ẹnu ọ̀nà. "Má wọlé. Wọn ò tíì pè ọ́."

Ariwo kan ilẹ̀kùn, ó dúró. Nǹkan wó lulẹ̀ nínú ilé, gbìì! Ìkérora tẹ̀ lé e. Ariwo àtijọ́ ìbá ti gba ilẹ̀kùn náà kọjá, ìbá ti pe àdúgbò jọ. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí ilẹ̀kùn. Ó dá a dúró.

"Bàbá, Ariwo ni. Ṣé kí n wọlé?"

Ó dúró. Ó ń ka iye ìgbà tí ọkàn rẹ̀ lù.

"...Wọlé."

Bàbá wà nílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwẹ̀. Ó ti gbìyànjú láti dá lọ, kí ọmọ rẹ̀ má baà ṣe é lọ́jọ́ kan péré. Ẹsẹ̀ kò gbà fún un, inú kò sì dúró dè é. Ara rẹ̀ bàjẹ́, ilẹ̀ bàjẹ́.

Ariwo kò ní "yéè." Ó ká táwẹ́ẹ̀lì lórí okùn, ó kọ́kọ́ fi bo Bàbá.

"Ibo ló ń dùn yín, sà? Ibo ni kí n ti gbé yín?"

"Apá òsì... ni kó o ti gbé mi."

Ó gbé e. Ó gbé omi kaná. Ó wẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń fọ dígí, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lórí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ wà. Bàbá di ojú. Ariwo wọ aṣọ fún un, ó nu ilẹ̀, ó fọ aṣọ tó bàjẹ́, ó sì sá a sáàrin àwọn aṣọ mìíràn lórí okùn, kó má baà dá yàtọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ṣé ẹ gbà kí n ní kí Ìyá Nọ́ọ̀sì wá wo eegun yín? N ò ní sọ ìdí fún wọn."

Bàbá mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Níta, ó bá Jẹ́jẹ́ pàdé.

"Ọwọ́ aṣọ yín tutù dé ìgbọ̀nwọ́. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Mo mú oògùn wá."

Jẹ́jẹ́ wọlé, ó rí ilẹ̀ tútù, ó rí aṣọ mìíràn lára bàbá rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, Jẹ́jẹ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù Ariwo, ìbínú ti mú un gbàgbé "sà."

"Kí ló ṣe bàbá mi lánàá?"

"Bi wọ́n."

"Wọn ò sọ. Ìwọ sọ ọ́! Èmi ni mò ń tọ́jú wọn!"

"Ìyá Nọ́ọ̀sì ti wo ara wọn, kò sí ewu. Èyí tó kù, ẹnu wọn ni kó ti jáde. Jẹ́jẹ́, bó bá ṣe pé ọ̀rọ̀ tèmi ni, ṣé o rò pé màá lè pa á mọ́?"

"Nígbà tó yẹ kó o dákẹ́, o pariwo. Nígbà tí mo ní kó o sọ̀rọ̀, o ya odi! Irú ọkọ wo nìyẹn?"

Ó lọ. Ariwo dìmọ́ tábìlì iṣẹ́ rẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni. "Mo wẹ bàbá rẹ." Bó bá sọ ọ́, Jẹ́jẹ́ á padà sunkún sí i láyà lọ́sàn-án yìí gan-an. Bóyá ìyẹn ló jẹ́ kó mọ̀ pé kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ó bu ahọ́n jẹ.

Nílé, Bàbá Dírẹ́bà ń tẹ́tí. Ìpàdé Ọjọ́rú kọjá. Ọjọ́bọ̀ kọjá, géètì kò dún. Ọjọ́ Ìsinmi, àwọn tó wá kí i kí i bí ẹni tó wà ní àlàáfíà. Nígbà tó pé ọjọ́ méjìlá, ó ránṣẹ́ sí Ìyá Nọ́ọ̀sì: "Kí àwọn ará ilé rẹ̀... wá ní Sátidé. Mi ò tíì gbà o. Ìbéèrè kan... ni mo ní."

Ẹ̀gbọ́n bàbá Ariwo, tó jẹ́ alápatà, ló ṣáájú wọn lọ. Jẹ́jẹ́ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀, kò wo ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn ìkíni, Bàbá Dírẹ́bà na ọwọ́ òsì sí Ariwo.

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn... kí lo rí... nínú ilé mi?"

Ariwo wólẹ̀.

"Ẹ foríjì mí, sà. N kò lè sọ ọ́."

"Dáhùn, jàre!" Bàbá Alápatà gbá itan. "Àgbà ń bi ọ́ léèrè! Ẹni tó ń ròyìn lójú oorun, lónìí lahọ́n ẹ̀ wá yarọ!"

"Bí mo bá ní... torí ẹ̀... mi ò ní fún ọ lọ́mọ mi ńkọ́?"

Jẹ́jẹ́ gbé orí sókè. Ariwo wo ilẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀ ju gbogbo oṣù mẹ́ta tó fi gbé báàgì lọ.

"Á dùn mí, sà. Á dùn mí títí ayé." Kò fi nǹkan kan kún un.

Bàbá Dírẹ́bà mí kanlẹ̀. "Mo ṣubú," ló wí. Ó yí ojú sí ọmọ rẹ̀, ó sì ń fa ọ̀rọ̀ náà gòkè lẹ́yọ lẹ́yọ níwájú gbogbo wọn. "Mo ṣe... sára. Òun ló wẹ̀ mí. Ó bò mí... kó tó gbé mi. Ọjọ́ méjìlá ni mo fi ń retí... pé kí ayé gbọ́. Wọn ò gbọ́. Ọ̀rọ̀ mi ni. Èmi ló yẹ kí n sọ ọ́. Mo ti sọ ọ́ báyìí... kò sì pa mí."

Jẹ́jẹ́ fi orí lé orúnkún bàbá rẹ̀. Ìyá Nọ́ọ̀sì ń wo àjà bí ẹni pé àjà náà nílò ìtọ́jú.

"Ẹ béèrè... ohun tí ẹ wá béèrè," ni Bàbá Dírẹ́bà wí.

Bàbá Alápatà wú ikọ́, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Jẹ́jẹ́ nu ojú, ó gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má bá a sọ èyí. Ẹ jẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Kì í ṣe àṣírí ẹnikẹ́ni." Ó kọjú sí Ariwo. "Ìwọ, sọ ọ́."

Ariwo dìde. Gbogbo ohùn tó ti gbé mì láti oṣù mẹ́ta ló dìde pẹ̀lú rẹ̀.

"MO FẸ́ FẸ́ JẸ́JẸ́, SÀ!"

Fèrèsé mì. Aṣọ já bọ́ lórí okùn. Adìẹ kan tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé yé ẹyin sí òpópónà kejì. Ará ilé kẹrin, tí kò mọ ìdí tí kò mọ orí ọ̀rọ̀ náà, sì dáhùn láti orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ pé:

"Àmín o!"